Àga Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Gbogbo ilé aṣòfin ló mọ̀ ọ́n sí Ẹ-Jẹ́-n-Sọ. Olùkọ́ ni kó tó di aṣòfin, ohùn tó fi ń pa kíláàsì oníwàhálà lẹ́nu mọ́ náà ló sì gbé wọlé ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́, yóò dìde: "Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí." Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ afárá tó já, yóò dìde. Nígbà tí ìjọba fẹ́ lé àwọn apẹja kúrò létí omi, ó sọ̀rọ̀ débi pé mínísítà tó gbé àbá náà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a kò. Rédíò máa ń gbé ìjókòó ilé sáfẹ́fẹ́, bí ohùn rẹ̀ bá sì ti bẹ́ jáde, onígbàjámọ̀ á dá abẹ dúró lórí ẹni tó ń fá, á ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́.

Ẹnu yìí ló kó bá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wọlé wá bá a ní ọ́fíìsì, ó gbá a mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Ọ̀rẹ́ mi, oyè dé o! Igbákejì abẹnugan ti ń lọ ṣe aṣojú wa nílẹ̀ òkèèrè. Ìwọ la fẹ́ kó jókòó sí àga rẹ̀."

"Èmi?"

"Ta ló tún kù? Ta ló mọ òfin ilé tó ọ?"

Inú rẹ̀ dùn, ká má purọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó jó yípo tábìlì ìjẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ni kò jó. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú wọn. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n fún un.

"Tó o bá gun àga yẹn," ó bi í lórí fóònù, "ṣé wàá ṣì máa sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá wà lórí àga kì í dá sí àríyànjiyàn, adájọ́ ni. Àmọ́ abẹnugan fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa kàn mí."

"Hùn-ún. Oyè tó lẹ́nu nínú, tí kì í jẹ́ kéèyàn lanu. Ó dáa o."

Kò pẹ́ tó fi yé e. Abẹnugan, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le bí òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Lónìí ẹ̀yìn, lọ́la etí. Igbákejì á sì gorí àga. Àga náà ga, awọ tí wọ́n fi bò ó tutù, ó sì jìn débi pé ẹni tó bá rì sínú rẹ̀ kò lè tètè dìde. Iṣẹ́ tó kù fún ẹnu rẹ̀ kò ju "Ọ̀rọ̀ kàn yín" àti "Ẹ jókòó" lọ. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn oníbàárà rẹ̀ bóyá ara Ẹ-Jẹ́-n-Sọ yá.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá le ni àbá òfin ilé ìwòsàn. Ìjọba fẹ́ ti gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké pa, kí wọ́n kó nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti oògùn lọ sí àwọn ńlá tó wà ní ìgboro. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí bébà, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìlú tiwọn dé ìgboro, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọjá odò kan tí omi rẹ̀ máa ń bo afárá mọ́lẹ̀ nígbà òjò.

Ó lọ bá abẹnugan. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi jókòó lọ́jọ́ àbá yìí. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn ò tó nǹkan," abẹnugan ní, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Màá wà níbẹ̀."

Ó múra sílẹ̀. Nínú balùwẹ̀ ló ti ń sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ á sì máa dá a lóhùn láti yàrá: "Mo wà lẹ́yìn yín, ọlọ́lá jùlọ!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọkọ̀ wá láti ìlú wọn kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, akọ̀wé ilé pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Abẹnugan ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀yìn tún ti mú òun, sà."

"Ẹ yan ẹlòmíì sórí àga. Ààrin àwọn èèyàn ni mo máa jókòó sí lónìí."

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, sà. Bí ẹ bá wà nínú ọgbà yìí, ẹ̀yin lẹ máa jókòó. Bí ẹ bá sì ní ẹ ò sí, ẹ ò lè wọ gbọ̀ngàn mọ́ títí ilé á fi túká." Bàtà ara rẹ̀ ni akọ̀wé ń wò. "Ẹ má bínú, sà."

Olórí ẹgbẹ́ kọjá lára wọn. "Ọ̀rẹ́ mi, ilé ń dúró dè ọ́ o." Kò tilẹ̀ yíjú.

Bó bá lọ sílé, ẹni tiwọn ni wọ́n á yàn. Bó bá jókòó, ó kéré tán, òun ni yóò máa nawọ́ sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ó gorí àga.

Ó kọ́kọ́ nawọ́ sí bàbá arúgbó kan tí kì í gbà fún ìjọba rárá. Bàbá ta jí, ó dìde, ó ní, "Mo fara mọ́ ọn," ó sì jókòó padà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí amòfin kan nínú ẹgbẹ́ alátakò. Àmì ìdánudúró tí wọ́n fi síbi tí kò yẹ nínú ìwé àbá náà ni ìyẹn ń bá wọn fà títí àkókò rẹ̀ fi tán. Níkẹyìn, ó rí ọwọ́ obìnrin kan lẹ́yìn pátápátá. Apoògùn ni obìnrin náà kó tó wọ ilé, kò sì tíì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí.

Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó rinlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ odò tó ń kún. Ó sọ̀rọ̀ aboyún tí ìrọbí mú nígbà tí ọ̀nà dí. Igbákejì abẹnugan di apá àga mú. Ọ̀rọ̀ inú òun gan-an ni obìnrin yìí ń sọ! Àwọn tó ń tẹ fóònù gbójú sókè.

Olórí ẹgbẹ́ fò dìde. "Òfin ilé! Àkókò rẹ̀ ti tán."

Òótọ́ ni. Iná pupa ti tàn. Obìnrin náà wo ẹni tó wà lórí àga. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó ku díẹ̀."

Àwọn yòókù tí àkókò wọn tán, ó dá wọn dúró. Bó bá fi eléyìí sílẹ̀, wọ́n á ní ó ṣègbè, wọ́n á sì ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ilé. Ó gbé òòlù, ó lù ú mọ́lẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò jáde, ó ní láti tún un sọ.

Lókè, níbi tí wọ́n ń fi àwọn àlejò sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó. Nígbà tó ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá náà fèsì, "Bẹ́ẹ̀ ni" mi gbọ̀ngàn tìtì. Ó ní kí wọ́n dìde kí wọ́n kà wọ́n, bóyá ojú á ti ẹlòmíì. Ojú ò ti ẹnì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ kéde pé ilé ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró dè é nídìí mọ́tò.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú bú mi."

"Kí n bú ẹ kí n jèrè kí ni? Mo rí ojú ẹ. Ó dà bí ojú ọmọ tí wọ́n ní kó bá wọn di ẹran mú, tó sì jẹ́ òun ló sin ẹran náà."

"Màá fi àga yẹn sílẹ̀."

Ó gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́. Ilé nìkan ló lè tú u sílẹ̀, ló bá dìde níwájú wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ òun. Abẹnugan ti padà sórí àga, ẹ̀yìn ti san. Olórí ẹgbẹ́ ní níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ alátakò náà dìde, wọ́n ní òun nìkan ni kì í ṣègbè. Wọ́n yìn ín títí, wọ́n fi ohùn kan kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Apoògùn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọn ò jẹ́ n lọ."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní mò ń ṣe dáadáa."

Ìró páálí tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbọ́ lórí fóònù. Wọ́n ti ń palẹ̀ ilé ìwòsàn mọ́.

"Bí mo bá fi iṣẹ́ aṣòfin sílẹ̀ pátápátá ńkọ́? Kí n máa bọ̀ nílé."

"Ta ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹ?"

"Ẹni tó bá wu olórí ẹgbẹ́."

"Ṣé ẹni yẹn á nawọ́ sí obìnrin ọjọ́sí?"

"Rárá," ó ní.

"Jókòó síbẹ̀, àbúrò mi. Mi ò ní ó dáa o." Ẹnì kan ń pè é lọ́hùn-ún, ọkọ̀ tó máa kó wọn lọ ti dé. "Mò ń bọ̀ wá pè ẹ́," ó ní, fóònù sì já.

Nígbà tí ilé tún jókòó, òun ni wọ́n tún gbé sórí àga. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ sọ. Ọwọ́ ti pọ̀ lókè níwájú, ṣùgbọ́n ti apoògùn, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ló wá títí ó fi rí i.

"Ọ̀rọ̀ kàn yín," ó ní.

Ó fi eyín di ahọ́n, ó sì ń gbọ́.