Fọ́tò Keje

1.

…ó sì ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, gbólóhùn kan náà, ó lè kọ ọ́ lójú oorun:

*Ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ọkàn kò tóbi jù. Kò sí ohun tó yẹ ká fòyà.*

Ìyá Òkùnkùn ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn náà, nítorí pé wọn kì í tan iná ní yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà ni, àmọ́ kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Fọ́tò inú ara wọn ló máa ń kà. Lápá ọ̀hún ògiri, wọ́n á bọ́ṣọ, wọ́n á gbé àyà lé pátákó, ẹ̀rọ á yà wọ́n. Lápá ìhín, òun á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á wo egungun, á wo ẹ̀dọ̀fóró, á kọ ohun tó rí. Kò mọ ojú wọn. Bó bá pàdé wọn lójú títì, kò lè dá wọn mọ̀, àfi tí wọ́n bá gbé egungun ìhà wọn dání.

Àwàdà tirẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ọ títí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.


2. ÌKÉDE (wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà lọ́jọ́ Ajé)

SÍ GBOGBO DÓKÍTÀ TÓ Ń KA FỌ́TÒ

Ẹ̀rọ akafọ́tò tuntun ti dé. A kò ní lò ó fún aláìsàn kankan ná. A ó kọ́kọ́ fi dán àwọn fọ́tò ọdún méjì sẹ́yìn wò. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti rí ohun tí dókítà kò rí, yóò fa ìlà pupa yí i ká. Dókítà tó fọwọ́ sí fọ́tò náà ni yóò tún un wò.

Ẹnikẹ́ni KÒ GBỌDỌ̀ pe aláìsàn títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó, ní ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀gá Àgbà

*(Ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ṣé ẹ̀rọ náà máa ń lọ jẹun ọ̀sán?)*


3. Ohun tí ẹ̀rọ rí nínú àwọn fọ́tò tí Ìyá Òkùnkùn kà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Fọ́tò kìíní: bọ́tìnì àwọ̀tẹ́lẹ̀.
Ìkejì: irun dídì tó wọ́ sílẹ̀ sí èjìká obìnrin kan.
Ìkẹta: orí ọmú bàbá arúgbó.
Ìkẹrin: egungun tó ti dá tó sì ti jinná kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ náà.
Ìkarùn-ún: bọ́tìnì, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ìkẹfà: kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Àlá ni ẹ̀rọ lá.

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pe Dókítà Kékeré, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó jókòó sí tábìlì kejì. "Wá wo ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa. Bọ́tìnì ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún."

Ìkeje:


4.

Ó mọ orúkọ náà.


5.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ni dókítà eegun sọ fún un pé bí kò bá yéé jókòó látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ máa kọ̀ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́." Obìnrin ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tí odò kò kọjá orúnkún rẹ̀ rí! Ó lọ ṣá. Ẹni tó bá létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà Omi: ọdún méjìdínlógójì, èjìká bí ilẹ̀kùn, ohùn bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì, ìkejì kò tíì rìn.

Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n jọ máa ń wà nínú omi. Ìyá Òkùnkùn á bọ́ awò ojú rẹ̀ sẹ́bàá adágún, ògiri àti omi àti Tíṣà á dà pọ̀ mọ́ra wọn bí ọ̀dà tí òjò pa. Ibì kan ṣoṣo láyé nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló rí.

Fọ́tò Tíṣà yìí ti wà kí wọ́n tó pàdé. Fọ́tò ìgbaniṣíṣẹ́ ni. Wọ́n ní kó lọ yà á kí wọ́n tó fún un ní iṣẹ́ adágún náà.


6. Ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú nípa fọ́tò keje

Ọjọ́ tí wọ́n kà á: ọjọ́ Ẹtì, ọdún méjì sẹ́yìn.
Aago: mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ní ọ̀sán.
Ipò rẹ̀ lọ́jọ́ náà: ìkọkànlélọ́gọ́ta nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Iye àkókò tí dókítà fi wò ó: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún.
Èsì: Ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ọkàn kò tóbi jù. Kò sí ohun tó yẹ ká fòyà.


7.

Tó bá pa ìlà pupa náà, kò rí nǹkan kan.

Tó bá tan ìlà pupa náà, ó rí i: funfun díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn mí sójú dígí, lẹ́yìn egungun ìhà kẹta lápá òsì.

Ó pa á. Kò sí.

Ó tàn án. Ó wà.

Ó pa á. Ó ṣì wà.




8. Ọ̀rọ̀ tí òun àti Dókítà Kékeré jọ sọ (kò sí ìlà pupa lójú fọ́tò)

ÌYÁ ÒKÙNKÙN: Bá mi ka eléyìí.

DÓKÍTÀ KÉKERÉ: Ta ló ni í, mà?

ÌYÁ ÒKÙNKÙN: Má bèèrè. Kà á.

DÓKÍTÀ KÉKERÉ: Ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ọkàn kò tóbi jù.

ÌYÁ ÒKÙNKÙN: Ó dá ọ lójú?

DÓKÍTÀ KÉKERÉ: Ó dá mi lójú kẹ́ ẹ tó bèèrè, mà.

ÌYÁ ÒKÙNKÙN: Tún un wò.

DÓKÍTÀ KÉKERÉ: Ṣé apá òsì ni, àbí apá ọ̀tún?

ÌYÁ ÒKÙNKÙN: Mi ò dárúkọ apá kankan.

DÓKÍTÀ KÉKERÉ: Ẹ ti jẹ́ kí n máa rí nǹkan níbi gbogbo báyìí, mà.


9. Ọjọ́rú

Ó lọ sí adágún. Kí ló fẹ́ ṣe? Bí kò bá lọ, Tíṣà á fi fóònù wá a. Tí Tíṣà bá wá a, òun á ní láti parọ́. Ó sì mọ̀ pé òun ò mọ irọ́ pa lórí fóònù.

"Ẹ dùbúlẹ̀ sórí omi, mà. Mo ti gbá yín mú."

Ó dùbúlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì Tíṣà wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ara yín le koko bíi pákó lónìí. Kí lẹ ń rò?"

"Iṣẹ́ ni."

"Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo wà níbí. Kò sí nǹkan tó máa ṣe yín."

Tíṣà wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Kẹ́míkà omi yìí ni," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Òkùnkùn ń ka ikọ́. Kò gbọ́ ìkejì. Ó ń dúró dè é títí wọ́n fi jáde nínú omi.


10. Ọjọ́bọ̀, nídìí oúnjẹ. Ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe; ara aago kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.

— Mọ́mì, oúnjẹ lò ń wò yẹn, kì í ṣe fọ́tò. Jẹ ẹ́.

— Dádì, ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá tún aago kan ṣe, tó ti kúrò lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn ọdún méjì lẹ wá rí i pé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbàgbé irin ìdè kékeré kan sínú ẹ̀...

— Ó ṣeé ṣe, àbí mo gbàgbé ẹ̀?

— Ó ṣeé ṣe.

— Aago náà ṣì ń ṣiṣẹ́?

— Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń rìn káàkiri. Ó ń kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́.

*(Ọkọ rẹ̀ gbé awò kékeré tó fi ń wo inú aago kúrò lójú.)*

— Tíṣà?

— Ẹ má pariwo.

— O ti sọ fún un?

— Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ.

— Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ní.

Ó bú sẹ́kún nídìí àwo. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran."


11. Àtẹ̀jíṣẹ́

*Ìyá Òkùnkùn:* Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ gba àyè láti pe ẹnì kan lára àwọn tí ẹ̀rọ mú.

*Ọ̀gá Àgbà:* Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ẹ ní sùúrù. Tá a bá pe ẹnì kan, gbogbo wọn la máa pè. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Ìlú á gbiná.

*Ìyá Òkùnkùn:* Mo mọ ẹni náà, sà.

*Ọ̀gá Àgbà:* Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin.


12. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí Tíṣà lọ́jọ́ Ẹtì tí kò fi ránṣẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà

Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já

Tíṣà, ṣé ẹ máa ń mu sìgá

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́


13. Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kò bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá adágún, ó fẹsẹ̀ sínú omi.

"Tíṣà, ẹ wá jókòó."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi lónìí?" Tíṣà jókòó.

Ó sọ ọ́. Kò mọ̀ ọ́n sọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó fi ń kọ èsì, ìwé ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èèyàn. Ó mẹ́nu ba ẹ̀rọ, ó mẹ́nu ba egungun ìhà kẹta, ó ní ó lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ àpá àìsàn àtijọ́, ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ó sì lè jẹ́…

"Ó lè jẹ́ kí ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣebí iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ mọ̀."

"Iṣẹ́ mi ni."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Obìnrin kan ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá níwájú wọn, ó kí wọn, wọ́n dá a lóhùn.

"Ọjọ́ wo lẹ rí i?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Tíṣà ń fi ìka ka ọjọ́. "Ọjọ́rú, ẹ wá síbí."

"Mo wá."

"Mo gbé yín lé ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, pé mo wà níbí." Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. "Ẹ sì ti mọ̀."

Ìyá Òkùnkùn yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde nínú omi.

"Ọmọ mi kejì kò tíì rìn," ni Tíṣà wí. Ó dìde. "Ẹ máa lọ sílé."

Kò fi "mà" kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.


14.

Ọjọ́ Àìkú. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́. Fọ́tò mọ́kànlá péré ni Ìyá Òkùnkùn kà kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ó ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ojú á fi máa ta á. Àwọn aláìsàn tò dé ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Òkùnkùn rí funfun lẹ́yìn egungun gbogbo èèyàn. Ó pe obìnrin kan padà nítorí bọ́tìnì.

*Bọ́tìnì.*

(Dókítà Kékeré ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti bọ́tìnì yẹn. Ìyá Òkùnkùn ní ọjọ́ Ajé ni. Mo gba ti Ìyá Òkùnkùn gbọ́, àmọ́ mi ò lè búra.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán:

*Tíṣà Omi:* Ìgbà wo ni kí n wá?

*Ìyá Òkùnkùn:* Lọ́la. Aago mẹ́wàá. Mo máa wà lẹ́nu ọ̀nà.


15. ÌWÉ ÌBÉÈRÈ (wọ́n fi lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú)

Ó ti dé etígbọ̀ọ́ wa pé ẹ pe aláìsàn kan láìgbàṣẹ. Ẹ kọ àlàyé yín sísàlẹ̀ yìí.

> *Mo pè é nítorí pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọn tí n kò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n.*


16.

Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ya Tíṣà lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó máa ń gé ara sí ègé ègé lójú fọ́tò, bí wọ́n ṣe ń gé búrẹ́dì. Ègé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ìyá Òkùnkùn ti ṣètò pé Dókítà Kékeré ni yóò kà á. Òun fúnra rẹ̀ yóò dúró síta bí ẹbí aláìsàn. Ó dúró níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn àga ọ̀hún le, àti pé ẹni tó jókòó síbẹ̀ ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń kùn.

Tíṣà jáde, ó wọ aṣọ aláìsàn, ọ̀já rẹ̀ tú lẹ́yìn. Ọkùnrin gìrìpá náà kéré nínú aṣọ ọ̀hún.

TÍṢÀ: Ta ló máa kà á?

ÌYÁ ÒKÙNKÙN: Ọmọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ mú dáadáa. Kò mọ̀ yín rí.

TÍṢÀ: Ẹ̀yin náà kò mọ̀ mí rí nígbà yẹn.

*(Ìyá Òkùnkùn bá a so ọ̀já tó tú lẹ́yìn rẹ̀.)*

TÍṢÀ: Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á.

ÌYÁ ÒKÙNKÙN: Tíṣà, ẹ̀rù ń bà mí.

TÍṢÀ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í kánjú.


17.

Dókítà Kékeré ní òun á fọwọ́ sí i tí òun bá ti wò ó tẹ̀lé e. Ó sún àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ìlà pupa lójú fọ́tò yìí.

Aláìsàn kì í wọ yàrá yẹn. Tíṣà wọ̀ ọ́. Ó jókòó sẹ́yìn Ìyá Òkùnkùn nínú òkùnkùn. Ìyá Òkùnkùn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ègé kìíní.

"Kí nìyẹn?"

"Ọrùn yín."

"Ó dáa?"

"Ó dáa."

Ègé kejì. Ìkẹta. Kò fo ọ̀kankan. Ogún. Èjìká bọ́ sójú fọ́tò, ó kún ojú kọ̀ǹpútà láti ìgun dé ìgun. Ogójì. Ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, dúdú, fífẹ̀. Tíṣà kò bèèrè mọ́. Ọgọ́ta. Àádọ́rin.

Ní ègé kẹrìnléláàádọ́rùn-ún, ọwọ́ Ìyá Òkùnkùn dúró.

Ó padà sẹ́yìn ní ègé kan. Ó lọ síwájú ní méjì.

Dókítà Kékeré náà ti rí i: funfun kékeré kan, lápá òsì.

Ìyá Òkùnkùn sún àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àyè lè wà.

"Ẹ sún mọ́ ibí, Tíṣà," ló wí. "Ẹ máa bọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."