Búrẹ́dì Ismat

Nígbà tí Tíṣà Zulaykho dé orí ìlà kẹsàn-án nínú ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ ibùsùn ní yunifásítì, ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan mú bírò rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti ń pàdé ní pálọ̀ rẹ̀, òbí mẹ́fà tí kò sí ẹni tó tẹ ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí nínú wọn, tí ọmọ wọn sì ń lọ kàwé ní Dushanbe, olú-ìlú wọn. Ó ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba ibùsùn nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti sọ fún wọn pé ẹnìkan kì í fa ewúrẹ́ lọ kí olórí ẹ̀ka.

"Tó bá jẹ́ ewúrẹ́ kékeré ńkọ́, Tíṣà?" Bàbá Davron béèrè.

"Kékeré náà ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò, Bàbá Davron."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi Saodat. Iye ọmọ tó wà láàyè nílé ni ìlà kẹsàn-án ń béèrè. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ìwé kò mọ èèwọ̀. Saodat kọ méjì.

Tíṣà rí i, ó sì dúró títí àwọn yòókù fi lọ. "Ìyá Ismat," ló pè é. Láti ọjọ́ ìsìnkú Ismat ni gbogbo abúlé ti ń pè é ní Ìyá Nigina. Wọ́n ń yẹra fún orúkọ àkọ́bí rẹ̀ bí ẹni ń yẹra fún kòtò. Tíṣà nìkan ni kò yí i padà.

"Tẹ́ ẹ bá kọ méjì, wọ́n á béèrè ìwé ọmọ kejì. Sátidé ni wọ́n ń gba ìwé parí. Tí ti Nigina ò bá pé, wọ́n á gbé ibùsùn rẹ̀ fẹ́lòmíì, kò sì mọ ẹnì kankan ní Dushanbe."

"Méjì ni mo bí."

"Wọn ò béèrè iye tẹ́ ẹ bí."

Saodat ká ìwé náà sínú ìborùn rẹ̀, ó lọ sílé.

Lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan wà lórí ìṣó, tí wọ́n ti gé jẹ létí kan. Ismat ló gé e jẹ láàárọ̀ tó ń lọ ṣiṣẹ́ kọ́lékọ́lé ní Moscow, bí gbogbo arìnrìn-àjò ti ń ṣe, kí ìyókù lè dúró dè é. Ọdún kejì ló já bọ́ láti orí ilé. Inú pósí páànù ni wọ́n gbé e sí wá. Ó padà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnu tí yóò fi jẹ ìyókù. Saodat ti pín bàtà rẹ̀, ó ti pín aṣọ rẹ̀. Búrẹ́dì yẹn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ Jímọ̀ tí mọ́tò fẹ́ kó àwọn ọmọ náà lọ, Nigina rí ìwé náà lábẹ́ tímùtímù.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́."

"Kí o fọwọ́ ara rẹ pa ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tí wọ́n fi di kúbùsù rẹ̀. "Mi ò lọ mọ́, Màmá. Kò burú."

Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló dun Saodat wọ egungun. Ó rí i pé òun fẹ́ sin èyí tó kù láàyè.

Ìgbà náà ni Tíṣà wọlé, búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé Saodat kò ní yan búrẹ́dì ìrìn-àjò kankan. Ó wo ara ògiri yí ká.

"Ìyá Ismat, ibo la máa fi ti Nigina kọ́?"

Ìṣó kan ṣoṣo ló wà nílé náà. Saodat fa àpótí, ó gùn ún, ó sì gbé búrẹ́dì ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ti le bí àpáàdì. Ẹnìkan kì í da búrẹ́dì nù, nítorí náà ó fi ọmọ odó fọ́ ọ sínú abọ́, ó da tíì gbígbóná lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ ẹ́. Ibi tí eyín Ismat ti gbà ni Saodat yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀.

Ó mú bírò. "Ẹ kà á fún mi, Tíṣà."

"Ọmọ mélòó ló wà láàyè?"

Ó kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Ọ̀kan," ló wí.