Ìrorẹ́ Ojú Bàbá Mi

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá mi ti ń gẹ irun fún àwọn èèyàn, kò sì sí oníbàárà tí kì í kọ́kọ́ wo ojú onígbàjámọ̀ kó tó gbé orí fún un. Ohun tó bá tiwa jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un ní ẹ̀dọ̀fóró, dókítà fi sùúrù là á yé wa. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti ya wèrè ń gba àṣẹ kan ṣoṣo ṣáá, pé kí wọ́n máa pọ̀ sí i, oògùn oníhóró yìí ló sì máa dí wọn létí. Hóró kan lójúmọ́.

Ó ní, "Awọ ara náà ń gba irú àṣẹ yẹn, torí náà ojú yín máa sú. Tó bá sú, ẹ má bẹ̀rù. Oògùn ti ń débẹ̀ nìyẹn."

Ojú sú lóòótọ́. Ìrorẹ́ bo imú àti iwájú orí rẹ̀, àwọn kan ń ṣọyún. Ikọ́ rọlẹ̀, ó ń rí oorun sùn. Àmọ́ àwọn oníbàárà á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rí i, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Títí dòní, àwọn míì nínú wọn ṣì ń bọ̀.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, èrò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ayọ̀ ò jẹ́ kí n rántí. Àràárọ̀ ni mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ojú yín ń dán o. Àbí ẹ fẹ́ gbéyàwó ni?"

Á kàn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ikọ́ padà, tí ẹ̀yìn ń ro ó, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Jẹjẹrẹ ti dé eegun. Dókítà béèrè oògùn, bàbá mi sì fa páálí mẹ́ta yọ lápò, ẹnì kankan ò tú wọn. Dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, àmọ́ a rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Inú bí mi débi tí mo gbàgbé pé òun ló bí mi. "Ṣé orí olórí wá ju ẹ̀mí yín lọ ni?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àga fi ṣófo," ó dá mi lóhùn. "Èmi nìkan ni mò ń rí nínú dígí." Ó wò mí. "Ìwọ náà, ṣé inú ẹ ò dùn sí i ni?"

Inú mi dùn. Ojoojúmọ́ ni inú mi ń dùn.