Ewì Onílà Méjì Tó Bá Bàbá Manousos Wọ Yunifásítì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Garifalia ti ń kọ́ èdè àti àṣà Gíríìkì òde òní ní yunifásítì Rethymno. Bí wọ́n bá to ìwé tó ti kà léra, ewúrẹ́ á gùn ún dé òṣùpá. Síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń já lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí. Bí kò bá fi fóònù gba ohùn àwọn tó ń fi mantinada, ewì onílà méjì àwọn ará erékùṣù Kírétè, bú ara wọn, kó sì gbé e fún olùkọ́ Despotaki kí aago márùn-ún tó lù, á tún ọdún náà kọ́ ni.

Ló bá gòkè lọ sí ilé kọfí abúlé ìyá rẹ̀. Bàbá Manousos ló bá níbẹ̀. Irunmú bàbá yìí pọ̀ débi pé ẹyẹ ti pamọ sí apá ọ̀tún, ó sì ti gba ayálégbé sí apá òsì.

Garifalia gbé fóònù kalẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ mantinada méjì péré."

Àwọn ará abúlé tó wà níbẹ̀ yíjú sí wọn.

"Ṣé omi ni, tó o fi ń tọrọ ẹ̀?" ni Manousos wí. "Àbí ọlọ́pàá ni ẹ́?" Ló bá nàka sí i:

"Adìẹ ìgboro gòkè wá, ó ń wá àgbàdo kiri,
Ìwé ló kún ẹnu ẹ̀, kò rántí bí wọ́n ti ń ké mọ́!"

Ẹ̀rín bú. Inú bí Garifalia, ó fò dìde:

"Adìẹ ni mí lóòótọ́, mo ti rí ibi tí n ó yé sí:
Irunmú yín tó igbó, àwòdì ò lè rí mi níbẹ̀!"

Háà! Àga ṣubú, ọtí rakí dànù. "Bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹ̀ nìyẹn!" ni Manousos ké. Wákàtí méjì ni wọ́n fi sọ ewì lu ara wọn bí òkò. Ìgbà tí Garifalia máa wo fóònù, fóònù náà ti kú láti ìgbà tó ti kí wọn, kò gba ohùn kankan. Bọ́ọ̀sì sì ti lọ.

"Mo gbé o!" ni Garifalia ké.

"Ẹ̀rọ ló kú, èmi ò tíì kú," ni Manousos wí. "Bọ́ sínú ọkọ̀ mi!"

Wọ́n sáré débi pé ọjọ́ kejì ni òjìji wọn tó dé Rethymno. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni Manousos ti ilẹ̀kùn olùkọ́ wọlé, kò tiẹ̀ kí i:

"Ọmọ yín fẹnu fá irunmú mi, gbogbo abúlé ló gbọ́,
Ẹ fún un ní máàkì ẹ̀, kó tó fá irun orí mọ́ ọn!"

Olùkọ́ Despotaki bọ́ awò ojú, ó ká apá aṣọ sókè:

"Máàkì ẹ̀ ti wọlé, Bàbá, ẹ má fọ́ wa létí,
Ó ku ẹ̀yin tá a máa dán wò: ẹ jókòó, ẹ mú bírò!"

Garifalia fò sókè. Àwọn ará abúlé ní kò tíì balẹ̀ títí dòní.