Ìkọ́kọrẹ́ Tí Wọ́n Ní Kó Má Rò

Ara Ìfẹ́dayọ̀ kò balẹ̀ rárá. Ó ti rin ewùrà tán, ó ti fi iyọ̀ sí i, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù tó gbé sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Gbé nǹkan yẹn jìnnà sí iná," ni Ìyá Imusin wí. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ni màmá yìí. Láti Ìjẹ̀bú-Imusin ló ti wá kí wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì bá ọmọ náà tó ti rù kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ láìsí oṣù ààwẹ̀.

"Hanifah ni mò ń retí, Ìyá."

"Ó ní òun ń bọ̀?"

"Kò tíì fèsì."

Hanifah ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò ní àdúgbò Fọlágbádé. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan bínú wá pé apá bùbá òun fún òun jù, ẹ̀rù ba Ìfẹ́dayọ̀, ló bá nawọ́ sí Hanifah, ó ní òun kọ́ ló gé e. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú gbogbo èrò ló ti sọ ọ́. Hanifah kó àlùmọ́gàjí rẹ̀ sínú báàgì, ó gba ilé lọ, kò sì padà wá.

Ìfẹ́dayọ̀ wá sọ ẹ̀bẹ̀ di iṣẹ́. Láàárọ̀, á fi ohùn ránṣẹ́. Lọ́sàn-án, á kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tún ṣàlàyé ohun tó ti ṣàlàyé láàárọ̀. Bí Hanifah bá lọ pátápátá, ta ni yóò máa bá a rẹ́rìn-ín?

Ọbẹ̀ ń hó. Epo, ata, edé àti ẹja gbígbẹ ń ta sánsán. Ó bu ewùrà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Ìyá Imusin sì dé e.

"Dìde níbẹ̀ báyìí. Má rò ó o. Jẹ́ kó dì."

"Tó bá jóná ńkọ́?"

"Mo ti fa igi kúrò. Ìwọ yìí, ohun tó bá ti dákẹ́ díẹ̀, o máa ní ó ti kú. Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó bínú tán. O bẹ̀ ẹ́, ó gbọ́. Kí lo tún ń wá?"

"Tí mo bá dákẹ́, á ní mi ò ka òun sí."

"Ìwọ lò ń sọ ìyẹn. Òun ò tíì ráyè sọ nǹkan kan."

Màmá lọ kírun. Ìfẹ́dayọ̀ jókòó ti ìkòkò. Ó ní kí òun kàn yọjú wò ó. Ó ṣí i. Ó ní kí òun kàn fi orógùn kan ìdí rẹ̀. Kó tó mọ̀, gbogbo kókó ti yọ́ pátá, ó di ògì.

Ìyá Imusin dé, ó wo inú ìkòkò. "Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, o fẹ́ kí n ṣépè?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìfẹ́dayọ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó mú fóònù, ó gbé e lé màmá lọ́wọ́. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, Ìyá. Ó ti rẹ̀ mí."

Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí títí Hanifah fi wọlé, tó kúnlẹ̀ kí màmá, tó sì yọjú sí ìkòkò.

"Ta ló fi ewùrà ṣe ògì?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ kó má rò ó," ni Ìyá Imusin wí.

"Ẹ bẹ Ìfẹ́dayọ̀ kẹ̀?" Hanifah jókòó, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ǹ bá ti wá. Bí mo bá ti fẹ́ gbàgbé ẹ̀, fóònù á dún, wàá tún rán mi létí. Ó dùn mí, Ìfẹ́. Lójú èrò!"

Àlàyé ti dé ètè Ìfẹ́dayọ̀, bí oníbàárà náà ṣe ń pariwo, bí àyà òun ṣe já. Ó gbé e mì.

"Mo mọ̀," ló sọ.

Kò fi nǹkan kan kún un. Ilé dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́, kò sì pa á lára.

"Bu tèmi wá jàre," ni Hanifah wí nígbà tó yá. "Kí ẹja pọ̀ níbẹ̀ o, mi ò wá mu ògì lásán."

Wọ́n jẹun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bùbá.

"Èmi ni màá ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la," ni Hanifah wí, ó ń lá ìka.

Ìfẹ́dayọ̀ mi orí, ó sì tún fi ẹja kan sínú abọ́ Hanifah.