Ta Ló Dá Ààrẹ Dúró?

Bàbá mi ló rán kóòtù tó wà lọ́rùn ààrẹ lọ́jọ́ tí ìbọn pa á. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ń wọn àyà oníbàárà lọ́wọ́, wọ́n á bi í pé, "Ta lẹ rò pé ó dá ààrẹ dúró?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń jiyàn. Nínú fíìmù ọjọ́ náà, ààrẹ ń rìn lọ jẹ́jẹ́, ó ṣàdédé dúró, ó wo ilẹ̀, ìbọn sì dún.

"Igbákejì rẹ̀ ló pè é," bàbá mi á ní. "Ó fẹ́ gbàjọba kí ìdìbò tó dé."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ rẹ̀ lẹ ní ó ṣe é," oníbàárà á fèsì.

"Àwọn méjèèjì jọ gbìmọ̀ ni!"

Àwọn oníbàárà ń pè wọ́n ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Alábẹ́rẹ́. Ojú máa ń tì mí. Mo fẹ́ràn bàbá mi púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, kí ayé yé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Àfi ìgbà tí ìwé ìròyìn kan gbé àwòrán ibi tí ààrẹ ti dúró nínú fíìmù náà jáde gbàgàdà. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ. Bọ́tìnnì kejì ò sí lára kóòtù. Òwú rẹ̀ ló rọ̀ dirodiro. Nǹkan róbótó kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá bàtà ààrẹ, òun ló ń wò.

Ó yẹ kéèyàn yí òwú mọ́ ọrùn bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó ta á ní kókó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá mi ń rán kóòtù náà, mo máa ń gbàgbé. Èmi ni mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n rán bọ́tìnnì kan mọ́ ọn.

"Bàbá mi, bọ́tìnnì wo lẹ ní kí n rán?"

Wọn ò gbójú sókè nídìí máṣìnnì. "Igbákejì yẹn, èèyàn burúkú ni…"

"Bàbá!"

Máṣìnnì dákẹ́. "Ẹni tó yìnbọn ló pa á, ọmọ mi. Kì í ṣe bọ́tìnnì."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Látọjọ́ náà gan-an. Mo kàn wá àwọn àgbà tó lè gbé ẹ̀bi náà ni."

Mo sunkún bí ọmọdé.

Tíṣà kan tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ wọlé, ó na ìwé ìròyìn yẹn kan náà sí wa. "Kí ló wà nílẹ̀ yìí?"

Bàbá mi wò mí. Mo nujú, mo gba ìwé náà.

"Òkúta ni. Awakọ̀ ló jù ú síbẹ̀ láti fi sàmì fún ẹni tó yìnbọn. Ẹ má dá bàbá mi lóhùn o."

"Irọ́ ni!" bàbá mi pariwo, omi lé ròrò sójú wọn. "Igbákejì ni!"