Orúkọ Kan Kí Aago Mẹ́rin Tó Lù

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń darí ẹ̀ka yìí! Ẹ tọ́ka sí ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n lé lábẹ́ mi, kí ẹ máa pè mí lájá!"

Shashidhar ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀, ife kọfí lọ́wọ́, nínú ilé gíláàsì kan tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú Bengaluru, ní Íńdíà. Àwọn mẹ́wàá tó wà lábẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Lọ́dọọdún, nínú èèyàn mẹ́wàá, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gba máàkì ìsàlẹ̀ pátápátá, kódà bí gbogbo wọn bá mọ iṣẹ́ bí ẹní mowó. Ẹni tó bá gbà á, kó palẹ̀ mọ́. Ní ẹ̀ka kejì, wọ́n ti yí àga kan dojú kọ ògiri láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni ín.

"Ọ̀gá, orúkọ ta lẹ fẹ́ kọ lọ́dún yìí?" Pavitra béèrè. Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ kẹ́yìn nínú wọn.

"Girish ni. Ṣebí ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀? Lọ́dọọdún, ẹni tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń kọ. Òkú ewúrẹ́ kì í bẹ̀rù ọ̀bẹ."

"Ẹ kọ mí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá, kó lè dá wọn lójú!" Girish fèsì, àkàrà vada kún ẹnu rẹ̀.

Wọ́n hó yèè.

Nígbà tó di aago mẹ́ta, Revathi, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, wọlé. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rù rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Shashidhar, a ti yọ Girish kúrò nínú ìwé láti àná. Kò sí lára yín mọ́."

Shashidhar lu itan pàá. "Ó tán! Mẹ́sàn-án ló kù, òfin sì ní mẹ́wàá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹwàá."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí kálukú fi orúkọ ẹnìkan ránṣẹ́ sí mi kí aago mẹ́rin tó lù," Revathi ní. "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń lọ."

Ó jáde. Shashidhar wo Pavitra. Ọmọdé ni, kò tíì bímọ, yóò ríṣẹ́ mìíràn. Ó kọ orúkọ Pavitra, ó fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà bí ọmọ iléèwé tó ń ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wọn, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo wà lẹ́yìn yín."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá!" Ìdáhùn náà yá jù.

Aago mẹ́rin lù, Revathi padà dé.

"Pavitra, ẹyọ kan. Shashidhar, mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán?" Shashidhar wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Pavitra, ìwọ náà?"

"Ọ̀gá, ta ló kọ tèmi?"

Àwọn yòókù ń wo bàtà ara wọn.

Revathi pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. "Èèyàn mẹ́sàn-án ò tó ẹ̀ka. A ó pa yín pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tó wà ní ilé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ óò tún tó mẹ́wàá; ẹ mú orúkọ mìíràn dání."